Ẹran Ọdún Tí Ó Ṣẹ́kù: Bí Ìkòkò Ẹ̀wà Ṣe Lè Sọ Ọ́ Di Oúnjẹ Gbogbo Ilé

Ní ọjọ́ ọdún Iléyá, òórùn ẹran a máa gba ìgboro kan. Wọn a dúńbú àgbò, wọn a sì pín in: ìpín kan fún ará ilé, ìpín kan fún ẹbí àti ọ̀rẹ́, ìpín kan fún aláìní. Bákan náà ni ó rí ní ọjọ́ Kérésìmesì, ní ọjọ́ ìgbéyàwó, àti ní ọjọ́ tí àwọn ọmọ bá ń ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn fún òbí wọn tí ó dàgbà kí ó tó kú. Ní ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tí ń ka iye ẹran tí ó wà nínú àwo.

Ọjọ́ kejì ni ọ̀rọ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹran dídín a ṣẹ́kù sínú agbada, eegun a kún inú ìkòkò, orí àti ẹsẹ̀ àgbò a wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tí ì fọwọ́ kàn. Ní ilé kan, wọn a fi ìwàǹwára jẹ gbogbo rẹ̀ kí ó má bàa bàjẹ́. Ní ilé mìíràn, wọn a gbàgbé rẹ̀ sínú ìkòkò títí yóò fi kan, ajá ni yóò sì jẹ ẹ́. Ìgbẹ̀yìn ilé méjèèjì kò yàtọ̀: kí ọ̀sẹ̀ kan tó kọjá, ẹ̀kọ àti omi ata lásán ni àwọn ọmọ wọn yóò máa jẹ. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ pé bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni ó ń mú babaláwo dífá ní ọrọọrún.

Ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ yìí wà fún ìyá ilé tí ó fẹ́ kí ẹran ọjọ́ kan di oúnjẹ ọjọ́ mẹ́rin, kí ó sì dé ẹnu ọmọ tí ó kéré jù lọ nínú ilé. Ọ̀nà tí ó rọrùn jù láti ṣe èyí ni ìkòkò ẹ̀wà.

ÌDÍ TÍ Ọ̀RỌ̀ YÌÍ FI KAN ÀWỌN ỌMỌDÉ

Nínú ọ̀pọ̀ ilé, bí wọ́n ti ń pín ọlá ni wọ́n ń pín ẹran. Baálé ni ó ń gba èyí tí ó tóbi jù, àwọn àgbà a tẹ̀ lé e, àwọn ìyàwó a tẹ̀ lé wọn, ọmọdé ni yóò sì kẹ́yìn. Nígbà mìíràn omi ọbẹ̀ nìkan ni ó ń kan ọmọdé. Àwọn kan tilẹ̀ gbàgbọ́ pé ọmọ tí ó bá ń jẹ ẹran tàbí ẹyin dáadáa yóò di olè. Ìgbàgbọ́ náà ti pẹ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n kò ṣe ọmọdé ní oore kankan. Ẹ̀kọ́ ilé ni ó ń mú kí ọmọ jìnnà sí olè jíjà, kì í ṣe àìjẹran. Bí a bá fi wé ìwọ̀n ara olúkúlùkù, ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú nílò oúnjẹ amúaradàgbà ju baba rẹ̀ lọ, nítorí pé ó ń dàgbà, baba rẹ̀ sì ti dàgbà tán.

Ní ọdún 1933, dókítà obìnrin kan tí ń jẹ́ Cicely Williams, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Gold Coast tí à ń pè ní Ghana nísinsin yìí, kọ̀wé nípa àrùn kan tí ó rí lára àwọn ọmọ tí oúnjẹ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ àgbàdo nìkan. Ẹsẹ̀ wọn a wú, irun wọn a yí àwọ̀ padà, awọ ara wọn a sì máa bó. Ní ọdún 1935 ó fi orúkọ tí àwọn ará Gà ń pè é hàn fún ayé: kwashiorkor, èyíinì ni àìsàn tí ń mú ọmọ nígbà tí àbúrò rẹ̀ bá gba ọmú lẹ́nu rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn mọ̀ nísinsin yìí pé ohun tí ń fa àrùn náà ju ẹyọ kan lọ. Síbẹ̀, kò sí àríyànjiyàn pé ọmọ tí ó ń jẹ ẹ̀kọ tàbí ẹ̀gẹ́ lójoojúmọ́ láìsí ohun mìíràn wà nínú ewu.

Ẹ̀wà wà lára ohun tí ó lè gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ là. Nínú ọgọ́rùn-ún gíráàmù ẹ̀wà gbígbẹ, nǹkan bíi gíráàmù 23 ni èròjà amúaradàgbà. Ẹ̀wà sì ní èròjà irin tí ń mú kí ẹ̀jẹ̀ tó lára. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá jẹ ẹ̀wà lásán, ara rẹ̀ kì í rí púpọ̀ gbà nínú irin náà. Bí ẹran bá wà nínú ìkòkò kan náà, bí ó tilẹ̀ kéré, ara a túbọ̀ rí irin inú ẹ̀wà gbà. Nítorí náà, ẹ̀wà àti ẹran ń ran ara wọn lọ́wọ́: ẹ̀wà ń mú kí ẹran pọ̀, ẹran sì ń mú kí ẹ̀wà ṣe ara lóore.

ÌṢIRÒ ILÉ ENÌYÀN MẸ́JỌ

Bí ilé kan bá ní ènìyàn 8, tí ẹran sísè kìlógíráàmù 1 sì ṣẹ́kù lẹ́yìn ọdún, ọ̀nà méjì ni wọ́n lè gbà jẹ ẹ́.

Ọ̀nà èkíní ni kí wọ́n pín in lẹ́ẹ̀kan náà. Bí wọ́n bá tilẹ̀ pín in dọ́gba, gíráàmù 125 ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Èròjà amúaradàgbà tí ó wà nínú rẹ̀ yóò tó nǹkan bíi gíráàmù 32. Ó dára, ṣùgbọ́n ó parí lọ́jọ́ náà.

Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n pín ẹran náà sí mẹ́rin, gíráàmù 250 fún ìkòkò kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì sè é pẹ̀lú ife ẹ̀wà gbígbẹ mẹ́rin, èyí tí ó tó nǹkan bíi gíráàmù 800. Ẹ̀wà yóò fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bíi gíráàmù 23, ẹran yóò sì fi gíráàmù 8 lé e. Gíráàmù 31 ni àpapọ̀ rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti ọ̀nà èkíní dọ́gba, ṣùgbọ́n èyí yóò rí bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin dípò ọjọ́ kan. Owó ẹ̀wà ni ó lé, ẹ̀wà sì ṣì wà lára ohun tí owó rẹ̀ rọjú ju ti ẹran lọ lọ́jà.

ÌTỌ́JÚ ẸRAN KÍ Ó MÁ BÀA DI MÁJÈLÉ

Ẹran tí ó bá ti bàjẹ́, ìkòkò ẹ̀wà kò lè sọ ọ́ di ohun rere. Èyí ni ó yẹ kí ìyá ilé kọ́kọ́ mọ̀ kí ó tó gbé ìkòkò kaná.

Kòkòrò àrùn tí ojú kò lè rí a máa bí sí i kíákíá nínú oúnjẹ tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Fún ìdí èyí, kò yẹ kí ẹran sísè wà lórí tábìlì tàbí nínú agbada ju wákàtí 2 lọ. Bí ooru bá mú gan-an, bíi ti ọ̀sán gangan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wákàtí 1 ti tó. Àwọn mìíràn rò pé bí a bá ti tún ẹran sè títí ó fi hó, gbogbo ewu ti kúrò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iná a máa pa kòkòrò náà, ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wọn a ti tu májèlé sínú oúnjẹ kí iná tó dé, májèlé náà kì í sì í kú nínú omi híhó. Imú pẹ̀lú kì í sábà gbọ́ òórùn rẹ̀. Ìgbẹ́ gbuuru àti èébì tí ń kọlu agboolé lẹ́yìn ọdún, ibí yìí ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá, ọmọdé ni ó sì ń yára pa jù.

Bí ẹran tútù bá ṣẹ́kù, kí wọ́n là á ní tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ní ọjọ́ náà gan-an, kí wọ́n fi iyọ̀ pa á, kí wọ́n sì yan án lórí ààrò títí yóò fi gbẹ dáadáa. Ẹran tí ó gbẹ dé inú ni ó ń pẹ́. Èyí tí òde rẹ̀ gbẹ ṣùgbọ́n tí inú rẹ̀ rọ̀ yóò bu. Inú agbọ̀n tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí ni kí ó wà, kí aṣọ mímọ́ bò ó nítorí eṣinṣin.

Bí ó bá jẹ́ ẹran sísè, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú omi rẹ̀, kí wọ́n pín in sínú àwo pẹrẹsẹ kí ó lè tètè tutù. Ilé tí ó bá ní fìríìjì, kí wọ́n gbé e síbẹ̀, kí wọ́n sì jẹ ẹ́ tán láàárín ọjọ́ 3 sí 4. Bí iná mànàmáná bá lọ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe máa ṣí ìlẹ̀kùn rẹ̀: fìríìjì tí a kò ṣí a máa mú òtútù dání fún nǹkan bíi wákàtí 4. Lẹ́yìn èyí, ẹran inú rẹ̀ kò ṣeé fọkàn tán mọ́. Ilé tí kò bá ní fìríìjì, ọjọ́ kejì kò gbọdọ̀ kọjá kí wọ́n tó jẹ èyí tí wọ́n sè. Kí wọ́n máa gbé e kaná láàárọ̀ àti lálẹ́ kí ó hó dáadáa, kí wọ́n sì yan ìyókù gbẹ.

Ẹran tí ó bá ń yọ̀, tí ó kan, tàbí tí ó bu, kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ sin ín. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run.

YÍYAN Ẹ̀WÀ ÀTI SÍSÈ RẸ̀

Ẹ̀wà olóyin a máa dùn, a sì máa tètè jinná. Ẹ̀wà funfun ni ó dára jù fún mọ́ínmọ́ín àti gbẹ̀gìrì. Ilé tí ó bá ní òtílí tàbí sèsé lóko lè lò ó, ṣùgbọ́n kí wọ́n rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, nítorí pé ó le ju ẹ̀wà lọ.

Àwọn oníṣòwò kan a máa da oògùn apakòkòrò sínú ẹ̀wà kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Ní ọdún 2015, Ìṣọ̀kan àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù kọ ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà nítorí pé wọ́n bá oògùn dichlorvos nínú rẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹ̀wà tí kòkòrò ti jẹ díẹ̀ sàn ju èyí tí òórùn oògùn ń jáde lára rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ tọ́jú ẹ̀wà pa mọ́, kí ó sá a sí oòrùn kí ó gbẹ, kí ó rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì gbígbẹ kí ó kún dé ẹnu, kí ó sì dé e pinpin. Kòkòrò tí kò bá rí afẹ́fẹ́ mí yóò kú fúnra rẹ̀.

Kí wọ́n ṣa ẹ̀wà, kí wọ́n fọ̀ ọ́ ní ìgbà mẹ́ta, kí wọ́n rẹ ẹ́ fún wákàtí díẹ̀, kí wọ́n sì da omi rírẹ náà nù. Èyí a máa dín inú kíkùn kù, a sì máa dín igi tàbí gáàsì kù. Kánún a máa mú kí ẹ̀wà tètè rọ̀, ṣùgbọ́n a máa ba fítámì kan tí ó wúlò jẹ́ nínú rẹ̀. Àlùbọ́sà tí a gé sínú omi ẹ̀wà àti sùúrù ni ó sàn jù.

OÚNJẸ MẸ́RIN FÚN ỌJỌ́ MẸ́RIN

Ọjọ́ èkíní: Gbẹ̀gìrì eegun. Orí, ẹsẹ̀ àti eegun ni kí wọ́n kọ́kọ́ lò, nítorí pé àwọn ni ó ń tètè bàjẹ́. Kí wọ́n sè wọ́n pẹ̀lú àlùbọ́sà àti iyọ̀ díẹ̀ títí ẹran ara wọn yóò fi máa já fúnra rẹ̀. Kí wọ́n rẹ ẹ̀wà, kí wọ́n bó èèpo rẹ̀, kí wọ́n sì fi omi eegun náà sè é títí yóò fi yọ́. Kí wọ́n fi ìjábẹ̀ já a, kí wọ́n sẹ́ ẹ, kí wọ́n dá a padà sórí iná pẹ̀lú ata, epo pupa, irú àti edé. Ẹran tí wọ́n ya kúrò lára eegun ni kí wọ́n dà sí i kẹ́yìn, kí wọ́n sì ṣọ́ra kí wọ́n ṣa eegun wẹ́wẹ́ kúrò nítorí àwọn ọmọdé. Àmàlà àti ewédú ni ó bá a lọ.

Ọjọ́ kejì: Ẹ̀wà rírò pẹ̀lú ẹran dídín. Ife ẹ̀wà mẹ́rin ni kí wọ́n sè títí yóò fi rọ̀ dáadáa. Kí wọ́n gé ẹran dídín sí wẹ́wẹ́, kí ó má tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Kí wọ́n lọ ata, tòmátì àti àlùbọ́sà, kí wọ́n dín in nínú epo pupa, kí wọ́n da ẹran sí i, lẹ́yìn náà kí wọ́n da gbogbo rẹ̀ sórí ẹ̀wà. Kí wọ́n rò ó pọ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí ó wà lórí iná pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, kí iná lè dé inú ẹran náà dáadáa. Iyọ̀ ni kí ó kẹ́yìn, nítorí pé ẹran ọdún sábà máa ń ní iyọ̀ tẹ́lẹ̀. A lè fi dòdò, iṣu, búrẹ́dì tàbí gàrí jẹ ẹ́.

Ọjọ́ kẹta: Mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́ran, tí àwọn mìíràn ń pè ní ọ̀lẹ̀lẹ̀. Ẹran tí ó ti gbẹ tàbí tí ó ti le ni ó yẹ fún èyí. Kí wọ́n fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, kí wọ́n bọ̀ ọ́ kí ó rọ̀, kí wọ́n sì gún un nínú odó títí yóò fi ya bí òwú. Kí wọ́n lọ ẹ̀wà tí a ti bó èèpo rẹ̀ pẹ̀lú ata àti àlùbọ́sà kí ó kúnná, kí wọ́n pò ó pẹ̀lú omi ẹran, epo àti iyọ̀, kí wọ́n sì da ẹran gígún náà sí i. Inú ewé eéran ni kí wọ́n pọ́n ọn sí, kí wọ́n sì sè é fún nǹkan bíi wákàtí 1. Oúnjẹ yìí dára fún ọmọ tí eyín rẹ̀ kò tí ì pé, nítorí pé kò ní ẹran tí yóò máa jẹ lẹ́nu títí.

Ọjọ́ kẹrin: Àdàlú pẹ̀lú ẹran gbígbẹ. Bí ó bá jẹ́ àsìkò àgbàdo tútù, kí wọ́n rẹ́ ẹ sínú ìkòkò nígbà tí ẹ̀wà bá ti ń rọ̀. Bí ó bá jẹ́ àgbàdo gbígbẹ, kí wọ́n rẹ ẹ́ mọ́jú, kí wọ́n sì kọ́kọ́ sè é kí ẹ̀wà tó bá a. Ẹran gbígbẹ tí a ti fọ̀ tí a sì já wẹ́wẹ́ yóò bá ẹ̀wà hó láti ìbẹ̀rẹ̀, kí adùn rẹ̀ lè wọ inú oúnjẹ. Àwọn baba ńlá wa kò ṣèèṣì da àgbàdo mọ́ ẹ̀wà: ohun tí àgbàdo kò ní, ẹ̀wà ní i, ohun tí ó dín nínú ẹ̀wà, àgbàdo a fi kún un.

ÌPÍN TÍ KÒ ṢEÉ YỌ

Àǹfààní tí ó ga jù nínú gbogbo èyí kò hàn sí ojú. Nígbà tí ẹran bá wà ní ègé ńláńlá, ọwọ́ lè yan án, ojú àánú nìkan ni ọmọdé yóò sì máa fi wò ó. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ti já a wẹ́wẹ́ sínú ẹ̀wà, kò sí ẹni tí ó lè ṣa á kúrò mọ́. Ṣíbí ẹ̀wà tí baálé jẹ ní ẹran nínú, èyí tí ọmọ ọdún méjì jẹ sì ní ẹran nínú pẹ̀lú. Kò sí ẹni tí ó tàbùkù baálé, kò sì sí ẹni tí ó bá ìyá ilé jà nítorí ìpín. Baálé tí ó bá fẹ́ kí á bọlá fún òun lè gba àwo tí ó kún jù, ẹran ọmọdé yóò sì ṣì wà nínú àwo ọmọdé.

Nítorí náà, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ọdún, nígbà tí àlejò bá ń dágbére, kí ìyá ilé ti ya ẹran tí yóò wọ ìkòkò ẹ̀wà sọ́tọ̀, kí ó sì rẹ ẹ̀wà sómi kí ó tó sùn.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀWỌN TÍ Ó BÁ KA ẸKỌ́ YÌÍ PỌ̀

1. Wákàtí mélòó ni ẹran sísè lè wà níta nígbà ooru kí ó tó di ewu?
2. Kí ni ìdí tí títún ẹran sè kò fi tó láti mú gbogbo ewu rẹ̀ kúrò?
3. Ní àdúgbò yìí, ta ni ó ń gba ẹran kẹ́yìn nínú ilé? Kí ni ó lè ṣẹlẹ̀ sí i bí ó bá máa ń rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún?
4. Irú ẹ̀wà wo ni ó wà lóko tàbí lọ́jà ní tòsí, èwo nínú oúnjẹ mẹ́rin yìí ni ó sì bá a mu jù?